Ta Ló Ni Ilé Yìí ní Èbúté?

Ojú wa kọ́kọ́ pàdé ní Èbúté Ìkòròdú, ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní ọdún 2008. Ọkọ̀ ojú omi ń já èrò sílẹ̀, èrò mìíràn sì ń tì wá láti ẹ̀yìn pé àwọn fẹ́ wọlé. Mo gbé agbọ̀n ẹja yíyan lérí, mi ò lè yà sọ́tùn-ún, mi ò lè yà sósì. Bí mo ṣe gbójú sókè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń lò. Ó dé akoto aláwọ̀ ìyeyè. Inú ẹ̀rọ rẹ̀ ló yẹ kó máa wò, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò.

Mi ò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Gbogbo ariwo Èbúté jìnnà sí mi. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ló fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Àǹtí, bẹ́ ẹ bá máa fẹ́ ẹ, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ lọ fẹ́ ẹ. Àwa fẹ́ wọkọ̀."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ìtìjú sáré kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹja ìyá mi sómi.

Nígbà náà, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ tún èbúté ṣe. Wọ́n ní wọ́n á gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kó jìn sí i, wọ́n á kọ́ ibùdókọ̀ tuntun, wọ́n á sì fẹ ọ̀nà tó wọ etí omi. Ohun tí a ò mọ̀ ni ilé ẹni tó máa bá a lọ. Ilé tiwa kò ju ilé mẹ́rin lọ sí omi. Bàbá mi, Ọláògún, ló kọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló sùn sí, nínú sàréè tí a fi símẹ́ńtì rẹ́. Ìyá mi, èmi Oríyọmí, àti àwọn àbúrò mi méjì la ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ayálégbé wa, Bọ̀dá Dáúdà àti Aisha ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wá láti Ìsẹ́yìn. Iwájú ilé ni ahéré páànù tí ìyá mi ti ń yan ẹja wà.

Ìyá mi ní òfin kan tó dàgbà jù mí lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fáìlì dání, tó ń béèrè onílé, a ò mọ onílé. Àwọn agbowó-orí ló kọ́ àwọn àgbà wa bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn tó ń já iná ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kì í sì í ṣe ilé tiwa nìkan. Bí ẹ bá gbé fáìlì wọ òpópónà wa, ẹ ò ní bá onílé kan ṣoṣo níbẹ̀. Ayálégbé ni gbogbo wa. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ewúrẹ́ náà máa san owó ilé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, akoto ìyeyè yọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó kí mi títí, ó kí mi kú ọ̀sán, kú ooru, kú iṣẹ́, bí àwọn ará Ọ̀ṣun ṣe máa ń kíni. Ó ní Mujeeb ni orúkọ òun, ọmọ Ìrágbìjí, pé ọ́fíìsì tó ń rí sí iṣẹ́ èbúté ló rán òun. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè tí ìyá mi ti ń retí.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ilé yìí?"

Ìyá mi wúkọ́ láti inú ilé. Mo mọ ìtumọ̀ ikọ́ náà.

"A ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí. "Ayálégbé ni gbogbo wa."

Ó gbójú sókè wo fọ́tò Bàbá mi lókè ilẹ̀kùn, ó tún wo iwájú orí mi, iwájú orí kan náà tí Bàbá mi gbé lọ sọ́run. Kò jà mí níyàn. Ó fa àpò ìwé kan yọ, ó ní lẹ́tà onílé ló wà níbẹ̀.

"Ẹni tó ni ilé nìkan la lè fún, tàbí ẹbí rẹ̀," ló wí. "Ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà á."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wá fi ọ̀dà pupa kọ 17 sára ògiri wa, wọ́n sì lọ.

Nọ́ńbà pupa yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ìyá mi a gbálẹ̀ tán, a tún gbá a. A di ẹrù, a tú u, a tún un dì. Bí katapílà bá ń ko yanrìn ní etí omi, gbogbo wa a sáré jáde. Aisha ti kó ìkòkò rẹ̀ sínú àpò tán, ó wá ń yá ìkòkò lọ́wọ́ wa láti fi se oúnjẹ alẹ́.

Inú ìdààmú yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí bá wa. Ejẹ́ńtì ilé àti ilẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ funfun, fóònù wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó sórí àga Bàbá mi, ó mi orí bí ẹni tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀.

"Màmá, ohun tí ìjọba bá fi pupa kọ, katapílà ló máa kà á," ló wí. "Ẹ tà á fún mi nígbà tó ṣì ń jẹ́ ilé. Tó bá di àlàpà, ta lẹ fẹ́ tà á fún?"

Ó ní ìjọba kò ní san kọ́bọ̀. Ó ní kí ìyá mi má ṣe jẹ́ kí ẹbí ọkọ rẹ̀ gbọ́, nítorí wọ́n á gba owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tó dun ìyá mi ló tẹ̀ yẹn. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí òun àti Bàbá Adéòjó, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Nígbà ìsìnkú ni wọ́n jà, lórí ẹni tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ yàrá olóògbé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi mú kọ́kọ́rọ́, Bàbá Adéòjó sì mú ìwé ilé, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Aládùúgbò wa Mùsílíù, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló kọ́kọ́ ta tirẹ̀ fún Fábíyìí. A dúró ní etí omi, a ń wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lórí ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Ìjẹ̀dẹ́. Kò wẹ̀yìn rárá.

Mujeeb padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Bọ̀dá Dáúdà ló jáde sí i, ó ní onílé ti lọ sí Mẹ́kà. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní Mẹ́kà yìí mà pẹ́ o. Bọ̀dá Dáúdà wá sọ fún un pé ká sòótọ́, onílé ti kú. Mujeeb ní kí Ọlọ́run forí jì í, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀.

"Kò bímọ," ni Bọ̀dá Dáúdà wí.

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ pé Bàbá mi kú láìbímọ, èmi àkọ́bí rẹ̀ sì dákẹ́. Mi ò lè jáde. Bí mo bá jáde, akoto ìyeyè á mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ lẹ́tà sí i, ojú ìwé méjì. Mo bẹ̀ ẹ́ fún irọ́ mi. Mo sì kọ àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò ní sọ níbí. Mo pa á sínú báàgì mi, ibẹ̀ ló sì wà. Ó wá jẹ́ pé òun ní lẹ́tà tí kò rí ẹni fún, èmi náà ní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi sọ pé òun ti gbà fún Fábíyìí. Ọjọ́ Fúráìdè ló máa tẹ̀ka. Kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo béèrè pé sàréè Bàbá ńkọ́. Ó ní òkú ò mọ ìyàtọ̀, ó bú sẹ́kún, ó gbé ìgbálẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè ni Mùsílíù ti Ìjẹ̀dẹ́ dé láti wá mú ayùn tó gbàgbé. Ó gba iwájú ilé tó tà kọjá, ó bá pátákó lára rẹ̀ pé ilé wà fún títà. Ó pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n san fún un ni wọ́n dá lé e.

"Fábíyìí fúnra ẹ̀ ló gbé fóònù náà," ló sọ fún mi. "Ó ní kí n tètè wá o, pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń dù ú. Pé tí èbúté bá parí, èèyàn á kàn jí, á wọkọ̀ ojú omi, á débi iṣẹ́ láìbá gosiló pàdé." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ohùn mi ni kò dá mọ̀. Ilé mi ló ń polówó fún mi."

Mi ò dúró wọ bàtà tó dáa. Mo sáré lọ sí etí omi, mo bá Mujeeb níbi tó ti ń ti irin bọ ilẹ̀.

"Mo parọ́ fún yín," ni mo wí. "Bàbá mi ló ni ilé yẹn. Ó bímọ. Èmi nìyí."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ ọ́ jù."

Mo béèrè pé kí ló dé tí kò fi wí. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun béèrè, òun kò lè fipá sọni di ọmọ bàbá ẹni. Ó gbọn yanrìn ọwọ́ rẹ̀, ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bọ́ ọmọ.

Ó ní nọ́ńbà pupa kò túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ wólé. Kíkà ni wọ́n fi ka ilé, èyí tí iṣẹ́ máa kàn àti èyí tí kò ní kàn. Inú lẹ́tà ni ohun tó kan ilé kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tí wọ́n bá mú nǹkan rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un, ṣùgbọ́n a kì í san án fún ilé tí kò ní onílé. Ọ̀sán Fúráìdè ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ dé.

"Fábíyìí mọ gbogbo ẹ̀," ló wí. "Ó ti wo àwòrán iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì wa. Gbangba la lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹnikẹ́ni ló lè wá wò ó. Òun nìkan ló wá láti òpópónà yín."

Ó tún ní ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀, àwọn ọmọ ló ni ín. Ìyàwó nìkan kò lè tà á, olórí ẹbí nìkan náà kò lè tà á. Ẹni tó bá tẹ̀ka fún irú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹjọ́ ló tẹ̀ka fún. Ó ní kí n lọ wá ẹni tí ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Bàbá Adéòjó ni, ní Ẹ̀pẹ́.

"Lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la, Oríyọmí."

Mi ò sọ orúkọ mi fún un rí. Ó rí i pé mo rò ó, ojú tì í, ó ní Aisha ni òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì lórí lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó lọ.

Ní Tọ́sìdeè, mo wọkọ̀ gba Ìtọ́íkìn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá Bàbá Adéòjó lábẹ́ igi ní etí omi, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kúnlẹ̀. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n wọn ń wọlé, ó ń jáde.

"Ìyá ẹ ló rán ẹ," ni wọ́n wí níkẹyìn.

"Rárá, sà. Bàbá mi ni."

"Òkú ti ń ránni níṣẹ́?"

"Wọ́n ní Bàbá mi ò bímọ, sà. Iwájú ilé wa ni wọ́n ti sọ ọ́, mo sì wà ńbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ dúró. Wọ́n béèrè ẹni tó gbójú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní àwa náà ni, nítorí fáìlì. Mo wá ro gbogbo rẹ̀, láti orí ọ̀dà pupa títí dé ọjọ́ Fúráìdè. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo bísíkíìtì kan jáde. Ìwé tí Bàbá mi fi ra ilẹ̀ wà níbẹ̀, àti àwòrán tí awọnlẹ̀ yà. Wọ́n ní torí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, àwọn àti ìyàwó àbúrò àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ òkú síta.

Àárọ̀ Fúráìdè la dé Ìkòròdú. Fábíyìí ti jókòó. Ìwé wà lórí tábìlì, ìyá mi sì ti ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà. Ó gbójú sókè, ó rí Bàbá Adéòjó, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò dúdú lókè bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá wí, "ṣé àlàáfíà lo wà?"

Gbólóhùn kan yẹn ni ìyá mi ti ń dúró dè fún ọdún mẹ́ta.

Fábíyìí ní ẹ má bínú Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, kí àwọn kàn yára parí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Mujeeb wọlé pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Kò wo Fábíyìí, kò wo èmi náà. Ó béèrè bó ṣe ń béèrè láti ọjọ́ kìíní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ilé yìí?"

Bọ̀dá Dáúdà la ẹnu, Aisha tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ọláògún ló kọ́ ọ," ni ìyá mi wí. "Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí, àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni ìyàwó rẹ̀."

Mujeeb ṣí ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀. Bàbá Adéòjó fọwọ́ sí i, èmi fọwọ́ sí i. Ìyá mi tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ wa. Tàdáwà tí Fábíyìí gbé wá náà ló fi tẹ̀ ẹ́.

Mo ka lẹ́tà náà sókè. Ahéré ẹja àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níwájú ilé ni ọ̀nà máa mú, ìjọba á sì san owó rẹ̀. Ilé dúró. Sàréè dúró. Nígbà tí mo máa fi parí kíkà, Fábíyìí ti kó ìwé rẹ̀ lọ, ó gbàgbé tàdáwà. Kí aago méjìlá tó lù, orúkọ wa ti wà nínú ìwé wọn.

Ọjọ́ ti gorí ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àlejò ń béèrè yàrá ní òpópónà wa lójoojúmọ́, owó ilé sì ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Ìyá mi fẹ́ lé Bọ̀dá Dáúdà kó lè gba olówó ńlá sílé. Bàbá Adéòjó ló dá a dúró pé ẹni tó bá wa sá eré katapílà kì í ṣe ẹni tí à ń lé ní ọ̀sán kan. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí owó tuntun, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mùsílíù ṣì wà ní Ìjẹ̀dẹ́. Ilé rẹ̀ ti ní òkè báyìí, ẹlòmíràn ló ń na aṣọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, bí iṣẹ́ ìjọba bá ń bọ̀ ládùúgbò yín, ẹ má fi ìbẹ̀rù ta ilé. Iṣẹ́ tó ń dẹ́rù bà yín lónìí lè sọ ilé yín di ohun tí ayé ń dù lọ́la, ejẹ́ńtì sì mọ̀ ọ́n ṣáájú yín. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn yín, kí ẹ rí ibi tó dé àti ibi tí kò dé. Bí ẹni tó gbé fáìlì bá dé, ẹ ní kó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ wádìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, torí ilé tí a bá sẹ́ kò ní ẹni tí wọ́n máa sanwó fún. Ẹ má jẹ́ kí ìjà ẹbí pín ìwé ilé sí Ẹ̀pẹ́, kó pín kọ́kọ́rọ́ sí Ìkòròdú. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ tẹ̀ka kí ẹbí yín má gbọ́, ẹ tètè jẹ́ kí ẹbí yín gbọ́.

Ní ti lẹ́tà kejì, ó pẹ́ nínú báàgì mi títí etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo gbọ́ lẹ́nu Aisha pé wíwọn ilẹ̀ ti parí, pé wọ́n ń gbé Mujeeb lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní Ẹ̀pẹ́. Mo sáré dé etí omi. Èrò ń wọkọ̀, èrò ń bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ń tì mí bíi ti ọjọ́ kìíní. Ó ti tú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e lé èjìká. Mo dúró sí iwájú rẹ̀, mo na lẹ́tà náà sókè.

"Ẹni tó ni ín nìkan la lè fún," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́ Mujeeb níbí?"

Ó gbé irin sílẹ̀. Ó ṣí akoto.

"Èmi ni," ló wí. Kò wẹ̀yìn, kò wúkọ́. "Èmi ni mo ni ín."

Ó fa ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ yọ lápò, ó wá ojú ìwé tí àtàǹpàkò ìyá mi wà, ó fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé òun gbà á. Nígbà náà ni mo tó fi lẹ́tà náà sí i lọ́wọ́.